Ṣé owó oúnjẹ nìkan ti tó fún ojúṣe bàbá? Ìdáhùn fún oníṣòwò kan

ÌBÉÈRÈ: As-salāmu alaykum, Àáfà wa. Iṣẹ́ ara mi ni mò ń ṣe, mo sì gba ènìyàn mẹ́rin síbẹ̀. Àwọn ọmọ mi mẹ́ta ṣì máa ń sùn lọ́wọ́ tí mo fi ń jáde láàárọ̀, wọ́n á sì ti sùn kí n tó wọlé lálẹ́. Ìyá wọn ní mo ti di àlejò nínú ilé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn tí a jọ ń kírun, ló bá di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní hádíìsì ti sọ pé ẹni tó jáde nítorí ọmọ rẹ̀ kéékèèké wà lójú ọ̀nà Ọlọ́hun, pé aláìmoore ni ìyàwó mi. Ẹnìkan ní kí n ti ilé iṣẹ́ náà pa, kí n wá iṣẹ́ olówó oṣù. Èwo ni kí n tẹ̀lé?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu s-salām wa rahmatullāhi wa barakātuh. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ẹni tó pe ìyá ọmọ yín ní aláìmoore ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dá lóhùn, torí òun ló ní ẹ̀rí wà lọ́wọ́ òun. Hádíìsì tó ń sọ wà lóòótọ́. Tabarani, onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá láti ọ̀dọ̀ sàhábé Kaʿb ọmọ ʿUjrah, Shaykh Albani tó máa ń yẹ hádíìsì wò sì kà á mọ́ èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọkùnrin kan ń kọjá lọ, àwọn sàhábé rí okun àti akitiyan rẹ̀, wọ́n ní ojú ọ̀nà Ọlọ́hun ni ìbá ti máa lo irú okun yìí. Ànọ́bì ní bó bá jẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀ kéékèèké ló ṣe jáde, ojú ọ̀nà Ọlọ́hun ló wà. Bó bá jẹ́ nítorí òbí rẹ̀ méjèèjì tó ti darúgbó, bẹ́ẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ nítorí ara rẹ̀, kó lè pa ara rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ náà.

Ibẹ̀ ni àwọn ará wa máa ń dé tí wọ́n á pa ìwé dé. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n ka èyí tó kù! Ànọ́bì ní bó bá jẹ́ nítorí ṣekárími àti ìyangàn ló ṣe jáde, ojú ọ̀nà Ṣàítánì ló wà. Ọkùnrin kan náà ni o, ọ̀nà kan náà, òógùn kan náà. Èrò ọkàn rẹ̀ nìkan ló máa sọ èyí tó jẹ́. Hádíìsì tó yẹ kó máa dẹ́rù bà wá nígbà tí a bá ń ṣílẹ̀kùn ìsọ̀ ni àwọn kan sọ di rìsíìtì tí wọ́n ń nà sí ìyàwó wọn lójú. Nítorí náà, kí ẹ bi ara yín léèrè ní kọ̀rọ̀: ṣé oúnjẹ àwọn ọmọ ló ṣì ń dá mi dúró di òru, àbí mo ti kúrò ní ti oúnjẹ, mò ń bá ẹnìkan díje? Èmi ò lè bá yín dáhùn ìyẹn.

(Ẹlòmíràn á tún fa “mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá arísìkí wà nínú òwò” yọ. Hádíìsì tó lẹ ni, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òwò dára láìsí pé a pa irọ́ mọ́ Ànọ́bì.)

Ká tiẹ̀ ní èrò ọkàn yín mọ́ kedere. Ẹ̀tọ́ kan nínú ẹ̀tọ́ ọmọ ni oúnjẹ. Nínú hádíìsì Ibn ʿUmar tí Bukhari àti Muslim jọ gbà wá, olùṣọ́ ni Ànọ́bì pe ọkùnrin lórí àwọn ará ilé rẹ̀, ó ní a ó bi í nípa ohun tó ń ṣọ́. Darandaran tó ń fi koríko ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ta ló ń bá a wo ìkookò? Ẹ tún wo àṣẹ tó ní ká pa ọmọ láṣẹ ìrun láti ọmọ ọdún 7, kó tó di pé ọ̀rọ̀ ìbáwí wọ̀ ọ́ ní ọdún 10. Ọdún mẹ́ta nìyẹn, ìgbà márùn-ún lójúmọ́; ó lé ní 5,000 ìgbà tí a ó sọ pé “dìde, ó ti tó àkókò ìrun.” Ẹni tó jẹ́ pé ojú oorun ló ń bá ọmọ, mélòó ló fẹ́ sọ nínú rẹ̀?

Mi ò bọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí o. Ọdún tí mò ń ti kéú kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, mo jókòó nílé ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin mi kí ìrun Láásárì lójú mi, ó sálámà ní ráká mẹ́ta dípò mẹ́rin. Mo rò pé ó gbàgbé ni. Mo bi í, ó ní bí òun ṣe máa ń kí i nìyẹn. Mi ò mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ní kí ẹ ti ilé iṣẹ́ pa, kò rí i sọ. ʿUmar ọmọ Khattab, àgbà sàhábé, náà ṣòwò. Nígbà tí sàhábé Abu Musa sọ hádíìsì kan nípa gbígba àyè kí a tó wọlé onílé, tí ʿUmar kò mọ̀ ọ́n, ó ní òwò inú ọjà ló kó àìrójú bá òun. Kò wá àwíjàre kankan, ó gbà pé nǹkan bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Òun náà ló ní aládùúgbò kan nínú àwọn Ansar (àwọn ará Mẹ̀dínà tó ran Ànọ́bì lọ́wọ́) tí wọ́n jọ ń pín ọjọ́: tí ẹnìkan bá lọ sọ́dọ̀ Ànọ́bì lónìí, á mú ìròyìn bọ̀ fún èkejì, lọ́la, ó di ti ẹnìkejì. Bukhari ló gba méjèèjì wá. Ènìyàn mẹ́rin wà lábẹ́ yín, ẹ kò sì rí ẹyọ kan tí ẹ lè fi kọ́kọ́rọ́ lé lọ́wọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì láàárín ọ̀sẹ̀? Olówó oṣù, ọ̀gá ló ń sọ ìgbà tó máa lọ ilé fún un. Ta ló ń sọ tiyín?

Bí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹ tì í sí òwúrọ̀. Ànọ́bì tọrọ ìbùkún fún ìjọ rẹ̀ nínú ìdájí. Sakhr al-Ghamidi tó gba hádíìsì náà wá, oníṣòwò ni, àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń rán ọjà rẹ̀ jáde, ó sì lówó. Láti Mọ̀gàríbì dé Ìṣáì, kí ẹ wà nílé.

Kí fóònù má sì wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó jókòó ti ọmọ tó ń dá oníbàárà lóhùn, ìsọ̀ ló ṣì wà. Àbúrò Anas, ọmọ tó ń ṣe ìránṣẹ́ fún Ànọ́bì, kan wà tí wọ́n ń pè ní Abu ʿUmayr, ó ní ẹyẹ kékeré tó fi ń ṣeré. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, Ànọ́bì bi í pé, “Abu ʿUmayr, kí ni ẹyẹ kékeré náà ṣe?” Gbogbo ìjọ ló wà lọ́rùn Ànọ́bì, ọmọ rẹ̀ kọ́ sì ni, síbẹ̀ ó mọ ẹyẹ rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ọmọ yín kejì fi ń ṣeré?

Ní ti ìyàwó, ẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ lọ bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ ní kí èyí àgbà nínú àwọn ọmọ kí ìrun Láásárì kan lójú yín. Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ títí yóò fi sálámà. Ẹ kàn máa ka ráká.