Abẹ́rẹ́ neostigmine: bí àárẹ̀ bá tún pọ̀ sí i, ṣé kí a gún òmíràn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin apòògùn wa. Ìyá mi, ẹni ọdún 58, ní àìsàn myasthenia gravis, èyí tí ń mú kí iṣan ara rọ. Pyridostigmine oníhóró ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọn kò rí oúnjẹ gbé mì dáadáa mọ́, dókítà kọ abẹ́rẹ́ neostigmine fún wọn, nọ́ọ̀sì kan ládùúgbò sì ń wá gún un fún wọn nílé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wákàtí kan lẹ́yìn tí wọ́n gba abẹ́rẹ́, àárẹ̀ wọn tún pọ̀ sí i, nọ́ọ̀sì sì ní kí a tún gún òmíràn. Ṣé ó yẹ bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Kò yẹ bẹ́ẹ̀ rárá, inú mi sì dùn pé ẹ béèrè kí ó tó di àṣà.

Kí iṣan tó lè ṣiṣẹ́, fọ́nrán tó ń gbé iṣẹ́ bọ̀ láti ọpọlọ máa ń tú èròjà kan tí ń jẹ́ acetylcholine sí ojú iṣan náà. Nínú àìsàn ìyá yín, àwọn ohun tó yẹ kó máa gbèjà ara ló ń ba ibi tí iṣan fi ń gba èròjà yìí jẹ́, ìdí nìyẹn tí ìpéǹpéjú fi ń wálẹ̀, tí ohùn ń yí padà, tí oúnjẹ sì ń há lọ́nà ọ̀fun. Neostigmine kì í wo àìsàn náà sàn. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè fọ́ dànù, kí ìwọ̀nba tó wà níbẹ̀ lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n bí èròjà náà bá pọ̀ jù, iṣan kò ní gbọ́ iṣẹ́ ọpọlọ mọ́, yóò sì tún rọ. Nítorí náà, àárẹ̀ tí oògùn tí kò tó ń fà àti èyí tí oògùn tó pọ̀ jù ń fà jọra bí ìbejì.

Ìbátan physostigmine ni oògùn yìí, èyí tó ti inú ẹ̀wà kan ní agbègbè Calabar wá. Esere ni àwọn Efik ń pè é, òun ni wọ́n sì fi ń dán ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn wò láyé àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ sì ń kú. Ní 1934, Dókítà Mary Walker gún physostigmine fún obìnrin kan tó ní irú àìsàn ìyá yín ní Greenwich, ní London, agbára rẹ̀ sì padà fún wákàtí díẹ̀. Ohun tó ń pa ènìyàn náà ló tún ran obìnrin yẹn lọ́wọ́, nítorí náà ìwọ̀n ni ẹ gbọ́dọ̀ máa wò.

Bí ó bá jẹ́ pé oògùn ló pọ̀ jù, itọ́ lè máa dà, kí òógùn bo ara, kí inú máa lọ́ wọn, kí ìgbẹ́ gbuuru dé, kí ọmọlójú kéré, kí ọkàn máa lù lọ́ra, kí ẹran ara sì máa fò. Gbogbo àmì wọ̀nyí kì í sábà pé pọ̀, nítorí náà kì í ṣe inú yàrá ni a ti ń dá a mọ̀. Àwọn kan ń fọkàn tán atropine, oògùn tí ń tako díẹ̀ nínú àwọn àmì wọ̀nyí, tí wọ́n fi pamọ́ sílé. Lóòótọ́, ó ń gbẹ itọ́, ó sì ń gbé ọkàn sókè, ṣùgbọ́n kò lè dá agbára padà fún iṣan tí a fi ń mí.

Ẹ yẹ ìgò abẹ́rẹ́ náà wò. Òmíràn ní mílígíráàmù 2.5 nínú mílílítà kan, òmíràn sì ní 0.5 péré, ẹni tó bá ń fi mílílítà nìkan ka oògùn lè fún wọn ní ìlọ́po márùn-ún láìmọ̀. Ẹ rántí pẹ̀lú pé nǹkan bí mílígíráàmù 1.5 tí a gún sínú ẹran ara ń ṣe iṣẹ́ mílígíráàmù 60 pyridostigmine tí a gbé mì. Ẹ má ṣe fi iye oògùn oníhóró ṣírò ti abẹ́rẹ́.

Bí ìyá bá ní asthma, ìyẹn ikọ́ tí ń séni léèémí, tí ọkàn wọn ń lù lọ́ra, tàbí tí ìfun wọn dí, kí dókítà gbọ́ kí a tó gún ohunkóhun. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nílẹ̀ wa ni ibà, nítorí pé àwọn oògùn ibà bíi quinine àti chloroquine lè mú àìsàn yìí le sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn mìíràn bíi gentamicin, ciprofloxacin, azithromycin àti propranolol. Ẹ kọ orúkọ àìsàn ìyá sínú ìwé kan tí wọn yóò máa mú lọ sí gbogbo ilé oògùn, kí ẹ sì máa kọ wákàtí àti ìwọ̀n abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i.

Bí wọn kò bá lè ka oókan dé ogún lórí èémí kan, tàbí tí itọ́ ń há wọn lọ́fun, ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tó ní ẹ̀rọ ìmí lójú ẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án. Lójú tèmi, ẹni tí kò lè gbé oògùn mì mọ́ ti kọjá ẹni tí a ń gún lábẹ́rẹ́ nílé. Ẹ mú ìgò náà dání, kí ẹ sì padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́ lónìí.