Kí pépà rírún fún káàdì má baà ya, kó má sì tẹ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń fọwọ́ ṣe káàdì ọjọ́ ìbí àti ti ìgbéyàwó fún títà. Mo fẹ́ kí ojú rẹ̀ rí bíi pépà tí wọ́n rún tó ti pẹ́ nínú àpótí. Èyí tí mo fi pépà dídán ṣe bó lójú gbogbo ibi tó ti ṣẹ́. Mo wá lo pépà kọ̀ǹpútà. Òun kò bó, àmọ́ nígbà tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì tí mo sì fi ìwé ńlá tẹ̀ ẹ́, gbogbo rírún náà parẹ́, káàdì fúnra rẹ̀ sì ká bí ewé gbígbẹ. Níbo ni mo ti ṣì í?

Ìdáhùn: Àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀, ohun tó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Irú pépà tí ẹ mú ló fa ti àkọ́kọ́. Omi inú gọ́ọ̀mù àti ìwé ńlá yẹn ló fa èkejì.

Ẹfun ni wọ́n fi ń kun ojú pépà dídán, irú èyí tí àwọn onítẹ̀wé fi ń ṣe kàlẹ́ńdà. Ẹfun kì í tẹ̀. Bí pépà bá ti ṣẹ́, ńṣe ló máa ń sán, á sì bọ́ lulẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tó wà lórí rẹ̀. Kò sí ọgbọ́n tí ẹ lè dá sí i, ẹ fi sílẹ̀. Pépà tí wọn kò fi nǹkan kùn, tí fọ́nrán inú rẹ̀ sì gùn, ni ẹ nílò. Pépà bíráùn tí wọ́n fi ń di ẹrù, láàárín gíráàmù 70 sí 100 (ìyẹn ìwọ̀n pépà tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú àti lóòró), ló dára jù lójú tèmi. Àpò sìmẹ́ǹtì tó jẹ́ pépà (kì í ṣe ti ọ̀rá) wà lára irú rẹ̀: àpò tó máa gbé kílò 50 láìbẹ́ kò lè jẹ́ pépà yẹpẹrẹ. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ìpele tí kò kan sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ bó. Ìta gbangba ni kí ẹ ti gbọn ọ́n, kí ẹ bo imú, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, torí sìmẹ́ǹtì tó bá pàdé omi lára èèyàn máa ń jó o.

Pépà kọ̀ǹpútà gíráàmù 80 náà ṣeé lò, ṣùgbọ́n fọ́nrán rẹ̀ kúrú. Bí ẹ bá rún un ju ìgbà mẹ́ta lọ, ihò á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi tí ìlà méjì ti pàdé. Àwọn ará Japáànù tí wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní momigami, máa ń kọ́kọ́ fi sítáàṣì iṣu kan tó ń jẹ́ konnyaku pa pépà wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa fọwọ́ pò ó títí á fi rọ̀ bí aṣọ. Èèpo igi tí fọ́nrán rẹ̀ gùn gan-an ni wọ́n fi ń ṣe pépà ọ̀hún, ìdí nìyẹn tó fi ń gba ìyà.

Ẹ má gé pépà bá káàdì mu kí ẹ tó rún un, torí ó máa sún kì. Káàdì tí a ṣẹ́ láti ara A5 máa ń ní ojú mìlímítà 105 sí 148. Ẹ gé pépà tí ẹ fẹ́ rún sí nǹkan bíi 145 sí 190. Lẹ́yìn tó bá ti gbẹ ni kí ẹ wá gé e sí 97 sí 140, kí etí mìlímítà mẹ́rin lè ṣẹ́ kù yí ká.

Fún rírún gan-an, ẹ fi ìgò ìfínmi, irú ti àwọn onídìrí, fín omi sí ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin péré, láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30. Ẹ dúró ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kó tutù bí aṣọ tí a fẹ́ lọ̀. Bó bá ń dán fún omi, omi ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ kó fẹ́. Ẹ kó o jọ láti etí wá sí àárín, ẹ rọra fún un di bọ́ọ̀lù, kí ẹ tún yí i lọ́wọ́ kí ẹ fún un láti ìhà mìíràn. Ibi ìtúpalẹ̀ ni pépà ti sábà máa ń ya: ẹ má di etí méjèèjì mú kí ẹ fà á. Ẹ fi àtàǹpàkò ṣí i láti àárín lọ sí etí. Pépà bíráùn lè gba ẹ̀ẹ̀mẹrin tàbí ẹ̀ẹ̀marùn-ún, ìlà rẹ̀ á sì túbọ̀ máa wẹ́ sí i ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Bó bá ṣì ga jù, ẹ gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ̀ ọ́ lórí aṣọ, kí áyọ́ọ̀nù má gbóná púpọ̀, kí ẹ má lo omi gbígbóná rẹ̀.

Àwọ̀ ló ń jẹ́ kí rírún hàn. Láìsí i, tí iná bá ti mọ́lẹ̀ tààrà, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ọ̀nà méjì ló wà, wọn kì í sì í jọ ara wọn rárá. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi páàdì òǹtẹ̀ tàbí fóòmù tí ọ̀dà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ ra góńgó àwọn ìlà náà. Ẹ mú un dùbúlẹ̀, kí ẹ má tẹ̀ ẹ́. Orí ìlà nìkan ni àwọ̀ máa mú. Èkejì ni kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun omi tíì sí i: àpò tíì méjì nínú ife omi gbígbóná kan, kó tutù tán kí ẹ tó lò ó. Inú kòtò ni ti èyí máa ń dúdú sí. Sítáàṣì ni wọ́n fi di ojú pépà kọ̀ǹpútà kí íńkì má baà tàn nínú rẹ̀. Níbi tí ẹ ti ṣẹ́ ẹ, sítáàṣì náà ti là, omi tíì á sì rí ibẹ̀ wọlé. Ohun kan náà ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí àdìrẹ alábẹ́là nígbà tí abẹ́là bá sán tí aró bá wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ìlà bíi ti àdìrẹ gan-an, ẹ fi abẹ́là funfun ra ojú pépà náà dáadáa, ẹ gbé e sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó le, ẹ rún un ní gbígbẹ, kí ẹ wá kun àwọ̀ olómi sí i. Bó bá gbẹ, ẹ fi í sáàárín pépà bíráùn méjì kí ẹ lọ̀ ọ́, wọ́n á fa abẹ́là náà mu. Ẹ má fi ìwé ìròyìn ṣe é o, íńkì rẹ̀ lè ṣí sára iṣẹ́ yín. Abẹ́là yẹn á ti jò dé ẹ̀yìn, kò sí gọ́ọ̀mù tó máa mú un dáadáa. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni kí ẹ fi rán an mọ́ káàdì.

Fún àwọn yòókù, ìdí tí káàdì fi ká ni pé gọ́ọ̀mù olómi mú kí fọ́nrán pépà wú, pàápàá ní ìbú. Bó ṣe ń gbẹ ló ń sún kì, ó sì fa káàdì tọ̀ ọ́. Téèpù olójú méjì ni kí ẹ lò: ẹ fi yí etí ká, kí ẹ lẹ méjì sí àárín. Bó bá di dandan kí ẹ lo gọ́ọ̀mù, ẹ mú funfun ti àwọn káfíńtà, kí ẹ má bù omi sí i. Ẹ kán an sẹ́yìn pépà, èyí tó tó orí ìṣáná, kí sẹ̀ǹtímítà méjì wà láàárín wọn. Ẹ fi fóòmù pẹlẹbẹ lé e, kí ìwé fúyẹ́fúyẹ́ kan wá wà lókè fóòmù náà. Ìwé ńlá yín ló tẹ́ ìlà yẹn, nítorí omi gọ́ọ̀mù ti rọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Káàdì fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní gíráàmù 250. Èyí tó ti ká, ẹ lẹ pépà tó nípọn bíi ti òkè mọ́ inú rẹ̀ ní ẹ̀yìn ibi tí rírún wà gan-an, kí ìhà kejì náà lè máa fà á.

Ẹ má kọ̀wé sórí rírún. Ẹ kọ orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ ìkíni sórí pépà pẹlẹbẹ kékeré kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí i. Àpòòwé C6 ló bá káàdì yìí mu, ṣùgbọ́n bí rírún náà bá ga ju mìlímítà mẹ́ta lọ, á máa há. Ẹ fi káàdì kan gbìyànjú rẹ̀ wò kí ẹ tó ra àpòòwé ọgọ́rùn-ún.