Ojú bàbá yín ò lè pariwo bíi fóònù

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà ẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní látàárọ̀ tóo bá ti jí lo ti ń sáré, mẹ́sẹ́ẹ̀jì ọ̀gá, tàwọn ará gúrúùpù, tẹni tó fẹ́ kóo bá òun wo nǹkan kíákíá, tó bá wá dalẹ́ o ò ní rí nǹkan kan tọ́ka sí pé òun lo ṣe. Àmọ́ ìlà kan tóo kàn sọ kọjá ló gbé mi lọ́kàn jù: ó ti toṣù mẹ́jọ tí bàbá yín ti ń sọ pé ojú àwọn ń ṣe bàìbàì, tó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n ń gbé ìwé lọ kí wọ́n tó lè kà á, tóo bá sì bèèrè, wọ́n á ní "má dààmú, ìgbà tí àyè bá yọ."

Àyè ò ní yọ o. Àyè kì í yọ fúnra ẹ̀, èèyàn ló ń yọ ọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

Ó lè jẹ́ ọ̀rọ̀ gíláàsì lásán. Ṣùgbọ́n àìsàn ojú kan wà tí wọ́n ń pè ní glaucoma, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀ kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ló sábà máa ń ti jẹ ìríran wọlé díẹ̀díẹ̀ tẹ́ni tó ń ṣe ò ní mọ̀, èyí tó bá sì ti lọ kì í padà, ohun tí oògùn lè ṣe ò ju kó má jẹ́ kí èyí tó kù lọ. Ọ̀gá ẹ lẹ́nu, fóònù ẹ ń dún, bàbá yín ní tiwọn ò fẹ́ di ẹrù lé ẹ lórí, ni wọ́n ṣe dákẹ́. Ẹni tó dákẹ́ yẹn lo fi sẹ́yìn.

Kì í ṣìwọ nìkan. Lọ́dún 2018 àwọn olùwádìí kan fi hàn pé téèyàn bá ti gbọ́ pé àsìkò iṣẹ́ kan máa tó parí, ó máa ń yá a lára láti mú un, kódà kí èrè ẹ̀ kéré sí tiṣẹ́ míì tí ò kánjú.

Lọ́la, kóo tó ṣí mẹ́sẹ́ẹ̀jì kankan, pe ibi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò, gba ọjọ́, kóo sọ fún ọ̀gá ẹ pé o ò ní sí níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, má ṣàlàyé jù. Sọ fún bàbá náà pẹ̀lú, torí tí wọ́n bá ti ń retí ẹ, ọ̀rọ̀ yẹn náà ti lẹ́nu nìyẹn. Tójú bá wá ṣàdédé pọ́n, tó ń ro wọ́n gan-an, tí wọ́n ń bì, má dúró de ọjọ́ kankan, gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀.

Àwọn mẹ́sẹ́ẹ̀jì tó kù ńkọ́? Bi ara ẹ pé tí mi ò bá dáhùn títí dọ̀la, kí ló máa bàjẹ́? Tó bá jẹ́ pé inú ẹnì kan kàn máa bàjẹ́ díẹ̀ ni, ó lè dúró.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ní kí wọ́n wọn ìfúnpá inú ojú wọn kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn ojú, kí wọ́n kàn ka lẹ́tà tó wà lára ògiri nìkan ò tó. Kí wọ́n wo tìẹ náà, torí ó máa ń rìn nínú ìdílé. Kọ̀wé sí mi tẹ́ ẹ bá dé.