Ẹ fi bébà aláwòrán yẹn sílẹ̀ ná

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní àwọn ará abà tí wọ́n gbé yín lọ kì í gbọ́ràn, pé àìmọ̀kan ló ń bá wọn jà. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, ojú mi sì rí i.

Láyé sọ̀bìà ni, aràn gígùn tó ń gba ara èèyàn yọ, nǹkan bí 1986. Mo gbé bébà aláwòrán lọ sí abà kan ní Ìbàràpá, mo ń ròyìn pé omi ọ̀gọ̀dọ̀ tí wọ́n ń mu ló ń fà á. Bàbá kan na ẹsẹ̀ síwájú mi. Sọ̀bìà ti yọ lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wé e mọ́ igi tín-ín-rín kan díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kó má bàa já sínú. Ó ní, "Ọmọ mi, sọ̀bìà wà lára gbogbo wa bí iṣan. Ṣé omi ló fi iṣan sí ọ lára?" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Mo ká bébà mi.

Bẹ́ẹ̀ wíwé tí bàbá ń wé e yẹn gan-an ló tọ́. Kò sóògùn tó ń pa sọ̀bìà; bí dókítà náà ṣe ń yọ ọ́ nìyẹn.

Ìgbà tí mo padà lọ, ìbéèrè ni mo gbé dání. Mo bi àwọn ìyá pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe omi kí wọ́n tó dà á sámù. Wọ́n ní àwọn máa ń fi aṣọ sẹ́ ẹ nítorí pàǹtí. Háà! Aṣọ ọ̀hún ló kàn fẹ̀ lójú jù fún kòkòrò tó gbé sọ̀bìà pọ̀n. A wá náílọ́ọ̀nù tójú ẹ̀ há, télọ̀ abà náà rán an níwọ̀n ẹnu àmù, ó ń tà á ní owó táṣẹ́rẹ́. (Ọ̀fẹ́ ni mo kọ́kọ́ pín. Ògì ni wọ́n fi sẹ́.)

Ẹ ní sùúrù o. Sọ̀bìà ń lò tó ọdún kan lára kó tó yọ, nítorí náà ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ó ṣì ń yọ lára àwọn tó ti ń sẹ́ omi. Wọ́n pè mí ní onírọ́. Àwọn ìyá yẹn ló gbà mí sílẹ̀: àwọn fúnra wọn ló yan ẹni tí yóò máa jókòó létí omi, kí ẹlẹ́sẹ̀ sọ̀bìà má bàa wọ̀ ọ́, kí aràn náà má bàa tú ọmọ sómi, kí wọ́n bá a pọn tirẹ̀.

Lọ́dún 2008 la rí i kẹ́yìn ní Nàìjíríà. Mi ò ní kí ẹ má bá ìjọba jà fún ẹ̀rọ omi o; ìlú ló ń kọ́kọ́ dé, abà ló ń gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n lọ́la, ẹ wá ilé télọ̀ lọ ná.