Ẹ Bi Wá: “Ọmọ mi ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́”

Ẹ kú ìfẹ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́ àti ìgbàgbọ́ lóṣù yìí pọ̀ gan-an, mẹ́rin ni mo mú nínú wọn, àwọn tó kù náà sì jọra débi pé ẹni tí ò bá rí tiẹ̀ níbí á rí ìdáhùn ẹ̀ nínú ti ẹlòmíì. Ti àkọ́kọ́ ni màá pẹ́ lé lórí jù torí òun ló ń dun òbí tó pọ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o mà. Ọmọkùnrin mi ti pé ọmọ ọdún 13. Láti kékeré la ti jọ ń gbàdúrà láràárọ̀, òun gan-an ló máa ń dá orin. Ní báyìí tí mo bá jí i, á kàn jókòó á máa tòògbé, tí mo bá ní kó gbàdúrà á ní kí àbúrò òun gbà á. Ó wá bi mí lọ́jọ́ kan pé “Mọ́mì, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Ọlọ́run ń gbọ́?” Ẹ̀rù bà mí, mo pariwo mọ́ ọn, mo ní mi ò gbọ́dọ̀ tún gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Látìgbà yẹn kò sọ nǹkan kan mọ́. Àwọn kan ní ẹ̀mí àjèjì ló wọ inú ẹ̀, kí n mú un lọ fún ìtúsílẹ̀. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá ọmọ mẹ́ta)

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ mí kanlẹ̀ ná. Èyí tó ká mi lára jù nínú lẹ́tà yín ni ibi tẹ́ ẹ ti ní látìgbà yẹn kò sọ nǹkan kan mọ́. Ọmọ yẹn lè lọ bi àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó lè lọ wá a lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ yín ló gbé ìbéèrè ẹ̀ wá, ìyẹn ni pé ó ṣì fọkàn tán yín, ilẹ̀kùn yẹn la sì gbọ́dọ̀ tún ṣí kó tó tì pa.

Ẹ má mú un lọ síbì kankan fún ìtúsílẹ̀ jàre. Kò sí ẹ̀mí kankan níbẹ̀, ọmọ ń dàgbà ni. Láti kékeré, ìgbàgbọ́ yín ló fi ń gbàdúrà, ó wá dé ọjọ́ orí tó ti fẹ́ mọ̀ bóyá òun náà lè ní tòun. Oorun tó sì ń sùn yẹn, ẹ má kà á sí ọ̀tẹ̀. Ọmọ tó bá ti ń bàlágà, ara ẹ̀ fúnra ẹ̀ ló máa ń sún àsìkò oorun síwájú, oorun ò ní tètè kùn ún lálẹ́, jíjí á sì le fún un láàárọ̀, àwọn dókítà sì ní ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10. Tẹ́ ẹ bá ń jí i kí ilẹ̀ tó mọ́, ara tí ò tíì sùn tó lẹ ní kó wá jọ́sìn. Kí ló dé tí àdúrà yẹn ò lè bọ́ sí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ojú gbogbo yín ṣì dá? Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àárọ̀ nìkan ni Ọlọ́run ń gba àdúrà ìdílé.

Ká wá padà sórí ìbéèrè tó bi yín. Ẹ ṣí Bíbélì yín sí Ẹ́kísódù 12, níbi tí Mósè ti ń sọ bí wọ́n á ṣe máa ṣe Ìrékọjá, ẹ ó rí i ní ẹsẹ 26 pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ọmọ á béèrè pé kí ni ìsìn yìí wà fún, ó sì sọ ohun tí wọ́n á fi dá wọn lóhùn. Ẹ lọ sí Jóṣúà 4, òkúta méjìlá tí wọ́n gbé kúrò nínú odò Jọ́dánì, nítorí ìbéèrè àwọn ọmọ ni wọ́n ṣe tò ó jọ, kí ọmọ lè rí i kó sì béèrè pé kí ni èyí. Diutarónómì 6:20 náà tún sọ ọ́. Ọlọ́run fúnra ẹ̀ ti ń retí pé ọmọ á béèrè, kò sì síbi tó ti ní kí òbí jágbe mọ́ ọn. Ẹ tún wá wo ìdáhùn tó ní kí wọ́n fún ọmọ náà: “Ẹrú Fáráò la jẹ́ ní Íjíbítì, Olúwa ló mú wa jáde.” Ìtàn ni o! Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún ilé wọn ni wọ́n á sọ fún ọmọ, wọn ò kàn ní kó gba ohun tí wọ́n wí kó sì panu mọ́.

Nítorí náà kí ni ìtàn tiyín, ìyá mi? Ìgbà wo lẹ gbàdúrà tẹ́ ẹ sì mọ̀ lọ́kàn ara yín pé wọ́n gbọ́? Ìgbà wo lẹ gbàdúrà tó dà bíi pé òrùlé ló dá a padà, kí ló sì mú kẹ́ ẹ ṣì dúró? Ẹ sọ méjèèjì fún un. Tẹ́ ẹ bá sọ èyí tó dùn nìkan, ọmọ ọdún 13 á mọ̀ pé ẹ fi nǹkan pamọ́. Bàbá kan wà nínú Máàkù 9 tó gbé ọmọ ẹ̀ tó ń ṣàìsàn wá bá Jésù, ohun tó sọ ni pé “Mo gbàgbọ́, ran àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́.” Òbí nìyẹn o, níwájú Jésù, ó ní ìgbàgbọ́ òun ò pé. Jésù ò lé e, ó wo ọmọ náà sàn. Tí ọmọ yín bá mọ̀ pé irú àdúrà bẹ́ẹ̀ wà nínú Bíbélì, á mọ̀ pé òun náà láyè nínú ilé Ọlọ́run pẹ̀lú ìbéèrè òun.

Ẹ lọ bá a níbi tó ti dá wà, kì í ṣe níwájú àwọn àbúrò ẹ̀. Ẹ sọ fún un pé “Ìbéèrè tó o bi mí lọ́jọ́sí, ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi pariwo, máà bínú. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹ.” Tó bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́, kò lè jẹ́ ọjọ́ yẹn náà ló máa dáhùn. Tẹ́ ẹ bá wá ń bi mí pé ṣé kó má jókòó síbi àdúrà mọ́, èmi ò ní sọ bẹ́ẹ̀ o. Kó jókòó, torí ọ̀kan nínú ìdílé ni, ṣùgbọ́n ẹ má fipá mú un gbàdúrà sókè. Ẹ jẹ́ kó ka ẹsẹ Bíbélì kan, tàbí kó kàn wà níbẹ̀. Tí àdúrà yẹn bá sì gùn ju ohun tí ọmọ lè fara dà lọ, ẹ gé e kúrú, ẹ máa gba èyí tó gùn ní yàrá yín. Diutarónómì 6:7 ní ká máa bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run nígbà tá a bá jókòó nílé, nígbà tá a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tá a bá dùbúlẹ̀, nígbà tá a bá dìde. Dídìde yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń lò, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀nà, níbi tẹ́ ẹ ti ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín tí kò sẹ́ni tó dojú kọ ẹnì kejì, ibẹ̀ gan-an ni ọmọkùnrin irú ọjọ́ orí yẹn ti máa ń la ẹnu.

ÌBÉÈRÈ: Èmi gbà pé ẹni tó bá kó ọ̀pá sẹ́yìn kórìíra ọmọ ẹ̀, Òwe 13:24 ló sọ bẹ́ẹ̀. Pàṣán ni mo fi ń tọ́ àwọn ọmọ mi. Ìyàwó mi ní mo ti le jù, torí àkọ́bí wa obìnrin, ọmọ ọdún 9, tó bá ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi báyìí á sá wọ yàrá. Ṣé kí n wá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n bàjẹ́ bí àwọn ọmọ Élì ni? (Bàbá tó fẹ́ràn ọmọ ẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn wọn, ẹ ò bá má kọ̀wé sí wa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Élì yẹn ná, torí gbogbo ènìyàn ló ń fà á yọ tí wọn ò sì kà á délẹ̀. Àwọn ọmọ Élì, Hófínì àti Fíníhásì, àgbàlagbà ni wọ́n nígbà tí ìtàn yẹn ṣẹlẹ̀, àlùfáà ni wọ́n, wọ́n ń fipá gba ẹran ẹbọ lọ́wọ́ àwọn tó wá jọ́sìn, wọ́n sì ń bá àwọn obìnrin tó ń sìn lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ sùn. Élì gbọ́ gbogbo ẹ̀, ó kàn fẹnu bá wọn wí, kò yọ wọ́n nípò. Ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́run kà sí i lọ́rùn ni pé kò dá wọn lẹ́kun, ó bọlá fún wọn ju Ọlọ́run lọ. Kò sí ọ̀rọ̀ pé kò na ọmọ ọdún 9 nínú ìtàn yẹn rárá.

Tẹ́ ẹ bá ń wá bàbá tó kẹ́ ọmọ bà jẹ́, Dáfídì lẹ máa wò. Àwọn Ọba Kìíní 1:6 ní kò fìgbà kan rí bi ọmọ ẹ̀ Àdóníjà pé “Kí ló dé tó o fi ṣe báyìí?” Ẹ wo ohun tí Bíbélì ní bàbá yẹn ò ṣe: kò béèrè. Bíbáni wí bẹ̀rẹ̀ látorí kéèyàn jókòó ti ọmọ kó sì bi í. Ẹ ń bi ọmọ yín bí, sà, àbí pàṣán ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀?

Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sáwọn bàbá lẹ́ẹ̀mejì, nínú Éfésù 6:4 àti Kólósè 3:21, pé kí wọ́n má mú ọmọ wọn bínú, ti Kólósè tiẹ̀ fi kún un pé kí ọkàn wọn má bàa rẹ̀wẹ̀sì. Ọmọ tó ń sá wọ yàrá torí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ bàbá ẹ̀, ọkàn ẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì nìyẹn. Ẹ sì wò ó, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọ́n ń kọ́ ọmọ kan náà pé kó máa pe Ọlọ́run ní Baba. Irú bàbá wo ló máa wá sí i lọ́kàn?

Ìmọ̀ràn tèmi, mo sì mọ̀ pé àwọn kan ò ní fara mọ́ ọn, ni pé kẹ́ ẹ gbé pàṣán yẹn jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ jẹ́ kí òfin ilé yín kéré, kó yé àwọn ọmọ kí wọ́n tó ṣẹ̀, kí ìyà sì jọ ẹ̀ṣẹ̀: ẹni tó da nǹkan nù á nù ún, ẹni tó purọ́ nípa iṣẹ́ àṣetiléwá á jókòó ṣe é kó tó ṣeré. Tí inú bá ń bí yín lọ́wọ́, ẹ kúrò níbẹ̀ ná. Àwọn àgbà wa kúkú ti ní ọwọ́ òsì la fi ń bá ọmọ wí, ká fi ọ̀tún fà á mọ́ra, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ni àkọ́bí yín ń wá báyìí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, kẹ́ ẹ pe orúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ bi í bí ọjọ́ ẹ̀ ṣe lọ, kẹ́ ẹ má sì bá a wí nǹkan kan. Ó lè pẹ́ kó tó gbà gbọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé èmi nìkan lè tọ́ àwọn ọmọ nínú ìgbàgbọ́? (Ẹni tó ń dá ṣe é)

ÌDÁHÙN: Ẹ lè ṣe é, màmá. Tìmótíù, Gíríìkì ni bàbá ẹ̀, ìyá ẹ̀ ló gbàgbọ́, Ìṣe 16:1 sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì ń sọ ibi tí ìgbàgbọ́ Tìmótíù ti wá, ìyá ẹ̀ Yúníìsì àti ìyá ìyá ẹ̀ Lóísì ló dárúkọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín: ẹ má fi bàbá wọn ṣe àpẹẹrẹ ẹni burúkú nínú àdúrà, tí àwọn ọmọ sì ń gbọ́. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n yàn láàárín òun àti Ọlọ́run, ẹ lè má fẹ́ràn èyí tí wọ́n máa yàn.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá ọkọ mi kú lẹ́yìn àìsàn tó pẹ́. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 7, ti ń gbàdúrà fún wọn lálaalẹ́. Tíṣà kan níbi ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wá sọ fún un pé tí ìgbàgbọ́ bá tó, Ọlọ́run á dáhùn. Ó délé, ó ní òun lòun jẹ́ kí ìyá àgbà kú. Kò gbàdúrà mọ́. (Ìyá tí ọkàn ẹ̀ gbọgbẹ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú àdánù. Inú bí mi nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, torí wọ́n gbé ẹrù tó wúwo fún àgbàlagbà lé ọmọ ọdún 7 lórí. Lónìí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún un, kẹ́ ẹ gbé e sórí ẹsẹ̀ yín, kẹ́ ẹ sì là á mọ́lẹ̀: “Ìwọ kọ́ lo jẹ́ kí ìyá àgbà kú. Àìsàn ló pa wọ́n. Àdúrà ẹ dára.” Ẹ tún un sọ lọ́la, torí ọmọdé máa ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan kó sì tún padà sínú ẹ̀bi ẹ̀.

Tó bá ní ṣebí tíṣà ló sọ ọ́, ẹ sọ ìtàn Jésù nínú ọgbà Gẹtisémánì fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló gbàdúrà kí ife ìyà yẹn ré òun kọjá, kò sì ré e kọjá. Ta ló máa sọ pé ìgbàgbọ́ Jésù ò tó? Ẹ sọ ti Lásárù náà fún un, pé Jésù mọ̀ pé òun máa jí i dìde, síbẹ̀ ó sunkún, torí náà kóun náà sunkún bó bá ṣe wù ú. Tó bá bi yín pé kí ló dé tí Ọlọ́run ò wo ìyá àgbà sàn, “mi ò mọ̀” ni ìdáhùn òtítọ́, ẹ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ pé wọ́n ń sùn, torí ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun, ẹ má sì sọ pé Ọlọ́run nílò wọn lọ́run jù wá lọ, ọmọ á máa wò ó pé ta ló tún kàn.

Ẹ má tíì ní kó gbàdúrà. Ẹ̀yin ẹ gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, kó kúrú, kẹ́ ẹ dúpẹ́ pé ẹ ní ìyá àgbà, kẹ́ ẹ sì sọ fún Ọlọ́run pé inú yín bà jẹ́. Ìgbà tó bá yá a, á dá sí i. Kẹ́ ẹ sì lọ rí tíṣà yẹn, ẹ̀yin àti bàbá ẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé ohun tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ dá sílẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ọmọ míì wà nínú kíláàsì yẹn tí ẹni ẹ̀ ń ṣàìsàn báyìí. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ò sùn dáadáa, tí kì í jẹun, tó ṣì ń dá ara ẹ̀ lẹ́bi, ẹ mú un lọ bá dókítà ọmọdé, ẹ má dúró de ìgbà tó máa bọ́ lára ẹ̀ fúnra ẹ̀.