Ṣájà ní wọ́n ti kún, àmọ́ ebi ń pa ọ̀kan

Bátìrì olómi mẹ́rin, 200 Ah, tí ẹ so tẹ̀léra di 48 fóòtì, tí ínfátà ní ó ti kún, síbẹ̀ tí iná kì í lò ju wákàtí méjì lọ: ẹ má tíì sáré ra òmíràn. Ẹ tan fáànù àti fíríìjì, ẹ wá fi ẹnu méjèèjì mítà tí wọ́n fi ń wọn fóòtì kan ìdí méjèèjì wáyà kúkúrú tó so bátìrì kan mọ́ èkejì. Bó bá ju 0.1 fóòtì lọ, orí bátìrì ti dípẹtà tàbí nọ́ọ̀tì ti dẹ̀. Ẹ pa ínfátà, ẹ ha orí bátìrì mọ́, ẹ dè é le, ẹ fi gíríìsì pa á.

Bí ibẹ̀ bá mọ́, ẹ wọn bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n ń gba iná lọ́wọ́. Àpapọ̀ ni ṣájà ń wò. 57.6 ló ń wá, yóò sì rí i bí mẹ́ta bá wà ní 14.9 tí ìkẹrin wà ní 12.9. Mẹ́ta ń hó, omi wọn ń gbẹ. Ìkẹrin ò yó rí; nǹkan funfun á máa le mọ́ pílétì inú rẹ̀ títí kò fi ní lè gba iná mọ́.

Ẹ tú wọn ká, ẹ fi ṣájà 12 fóòtì bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Áńpù 20 tó. Kó dé 14.4, kó dúró síbẹ̀ títí ohun tó ń wọlé á fi já sí áńpù 2 tàbí 3. Èyí tí ebi ń pa lè gba ọjọ́ kan gbáko. Ẹ ṣí fèrèsé o, gáàsì tó ń jáde lè gbiná.

Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú láìso nǹkan kan mọ́ wọn. 12.6 sí 12.8 dára. Bí ọ̀kan bá padà sí bíi 10.6, sẹ́ẹ̀lì kan nínú mẹ́fà ti kú, kò sí ṣájà tó lè jí i.

Bí wọn ò bá fi ju 0.1 lọ ju ara wọn, ẹ so gbogbo pósítífù papọ̀, gbogbo nẹ́gẹ́tífù papọ̀, di ọjọ́ kejì. Bí àlàfo bá pọ̀, ẹ má dán an wò: iná tó máa sáré láti ara èyí tó kún lọ sí èyí tó ṣófo lè yọ́ wáyà.

Bí ẹ bá fẹ́ tú nǹkan funfun tó le mọ́ pílétì, olómi nìkan lẹ lè gbé dé 15.5 fóòtì fún wákàtí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe látinú ínfátà. Dráì sẹ́ẹ̀lì á wú ni. Omi distilled lẹ máa fi kún un lẹ́yìn tó bá gba iná tán, àfi bí pílétì bá ti yọjú. Nígbà náà, ẹ kọ́kọ́ bò ó. Ẹ má da ásíìdì sí i, ẹ má da pure water inú ọ̀rá sí i. Omi ló ń gbẹ, ásíìdì ṣì wà níbẹ̀.

Lójú tèmi, ohun tó ń fa wàhálà yìí jù ni fífa wáyà 12 fóòtì lára ọ̀kan nínú mẹ́rin lọ sí ráútà tàbí gílóòbù. Èyí tí ẹ ń fà lára rẹ̀ á máa rẹ̀yìn lójoojúmọ́. Ẹ ra kọ̀ǹfátà 48 sí 12, kó máa mu lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.