Èsì: Epo pupa àti èédú fún ọmọ tó gbé oògùn mì

Ẹ bi wá pé ṣé epo pupa tàbí èédú ìdáná lè ran ọmọ tó gbé paracetamol púpọ̀ mì lọ́wọ́. Epo pupa kì í pa oró. Èébì tó máa ń fà lè já sí ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá bó bá jẹ́ kẹrosíìnì ni ọmọ mu. Èédú ilé ìwòsàn kì í ṣe ti ìdáná: lẹ́búlẹ́bú tó kún fún ihò tínńtínní ni, tí wọ́n ń pò mọ́ omi títí yóò fi dúdú kirikiri, tí oògùn á sì lẹ̀ mọ́ ọn kí ìfun tó fà á wọnú ẹ̀jẹ̀. Láàárín wákàtí 1 àkọ́kọ́ ló wúlò jù, ọtí tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ onírin kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ má dúró dìgbà tí ara ọmọ bá yí padà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá pẹ̀lú páálí oògùn náà.